Kí ló dé tí ológbò yín ń lá yín, àti bẹ́ ẹ ṣe lè jẹ́ kó dín in kù

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ológbò nínú ilé, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ kàn fi sílẹ̀ kó máa lé eku kiri ẹ̀yìnkùlé o, èyí tó ń bá yín jókòó lórí àga tó tún ń bá yín gun bẹ́ẹ̀dì ni mò ń sọ, ọ̀rọ̀ yìí á ti yé yín kí n tó sọ ọ́ dé ìdajì. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ yín, ẹ ń tẹ fóònù, ológbò á rọra wá, á fi imú kan ọwọ́ yín, ó di kó máa lá a. Àkọ́kọ́ dùn, ìkejì náà dùn, àmọ́ tó bá ti lá ojú kan náà fún bí ìṣẹ́jú méjì, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í ta yín bí ìgbà tí wọ́n ń fi sáńpépà ha igi. Ẹ fa ọwọ́ kúrò, ó tẹ̀ lé e. Ẹ tì í sẹ́yìn, ó rò pé eré ni. Ẹ pariwo mọ́ ọn, ó sá wọ abẹ́ àga, kò pẹ́ náà ó ti padà dé.

Ìbéèrè tí àwọn èèyàn máa ń bi lórí ọ̀rọ̀ yìí pọ̀. Ṣé ìfẹ́ ni? Ṣé ebi ló ń pa á? Ṣé kì í ṣe pé ó ń tọ́ ẹran ara wa wò báyìí? Àwọn tiwa tún wà níbẹ̀ tí wọ́n á ní ológbò tó bá ń lá èèyàn lójú oorun, nǹkan míì ló wà nídìí ẹ̀, àjẹ́ ló rán an. Mo ti gbọ́ gbogbo ẹ̀. Ibi tí èmi máa ń gbé e gbà ni pé kẹ́ ẹ wo nǹkan tí ológbò ń rí gbà nídìí lílá yẹn, torí ẹranko tó bá ń ṣe nǹkan kan náà lójoojúmọ́, èrè kan ń bẹ níbẹ̀ fún un. Tẹ́ ẹ bá ti mọ èrè yẹn, àtimú un dín kù ò fi bẹ́ẹ̀ le mọ́. Wàhálà ibẹ̀ ni pé èrè ọ̀hún kì í ṣe ẹyọ kan, ibẹ̀ ló ti ń dà rú mọ́ àwọn èèyàn lójú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ahọ́n yẹn kúrò ńlẹ̀. Ahọ́n ológbò kún fún àwọn ẹ̀gún kéékèèké tó dojú kọ ọ̀nà ọ̀fun, èròjà tó wà nínú èékánná wa náà ló wà nínú wọn, ìdí nìyẹn tó fi ń ha ni lára. Ní 2018 àwọn onímọ̀ kan ní Georgia Tech, yunifásítì kan nílùú Atlanta ní Amẹ́ríkà, gbé iṣẹ́ kan jáde lórí ẹ̀. Wọ́n yẹ ahọ́n ológbò ilé wò, wọ́n yẹ ti kìnnìún àtàwọn ìbátan wọn míì wò, wọ́n rí i pé orí àwọn ẹ̀gún yẹn ní ihò tó ń gba itọ́ dúró. Tí ológbò bá ń lá ara ẹ̀, itọ́ yẹn á bá ẹ̀gún wọnú irun lọ títí á fi kan awọ, á fọ ìdọ̀tí kúrò, tó bá wá ń gbẹ, ara ẹ̀ á máa tutù. Ìyẹn wúlò fún un gan-an torí kò lè làágùn bíi tiwa, abẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ ni òógùn ẹ̀ ti ń jáde. Ahọ́n yẹn ló fi ń wẹ̀, òun ló fi ń ya irun, òun náà ló tún fi ń mú ara ẹ̀ tutù. Awọ tiwa tí ò nírun tó nípọn lórí ni ò bá irinṣẹ́ yẹn mu, ológbò ò sì mọ̀ pé òun ń ṣe yín léṣe. Lọ́dọ̀ tiẹ̀, ó ń ṣe yín lóore ni.

Níbo ló wá ti kọ́ pé wọ́n máa ń fi ahọ́n ṣe ẹlòmíì lóore? Lára ìyá ẹ̀ ni. Ọmọ ológbò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ò ríran, kò gbọ́ràn, ojú ẹ̀ ò ní là títí á fi tó bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, láàárín ìgbà yẹn, ahọ́n ìyá ẹ̀ ni ìyá ẹ̀ fi ń bá a sọ̀rọ̀. Ìyá á lá a kí ara ẹ̀ lè gbẹ, kó lè mí dáadáa, tó bá ti mu ọmú tán á tún lá ikùn àti ìdí ẹ̀, torí ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ ọmọ yẹn ò lè tọ̀, kò sì lè yàgbẹ́ fúnra ẹ̀ àfi tí ìyá bá fi ahọ́n ra ibẹ̀ fún un. Àwọn tó ti tọ́ ọmọ ológbò tí ìyá ẹ̀ kú mọ iṣẹ́ yìí dáadáa, òwú tí wọ́n rẹ sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni wọ́n fi máa ń ṣe é lẹ́yìn gbogbo oúnjẹ, tọ̀sán tòru, ojú wọn á máa rí nǹkan.

Tí ọmọ yẹn bá wá ń dàgbà, òun àtàwọn ọmọ ìyá ẹ̀ á máa lá ara wọn. Tó bá dàgbà tán, kì í ṣe gbogbo ológbò ló máa gbà kó lá òun, àwọn tó mọ̀wọ̀n ara wọn nìkan ni, àwọn tí wọ́n jọ dàgbà tàbí tí wọ́n jọ ń gbé tìfẹ́tìfẹ́. Orí àti ọrùn ni wọ́n sì máa ń dójú lé jù. Ẹ wá rí ìdí tó fi jẹ́ pé irun orí yín, irùngbọ̀n yín, ìpéǹpéjú yín ló máa ń wù ú bẹ́ẹ̀, ibi tó yẹ kí ará ilé máa bá ará ilé lá ló ń lọ tààrà. Òórùn náà tún wà níbẹ̀. Ológbò ní ibi tí òórùn tiẹ̀ ti ń jáde lára, níwájú orí, lẹ́rẹ̀kẹ́, lágbọ̀n, ní ìdí ìrù, tó bá ń fi ara ra yín lẹ́sẹ̀ tẹ́ ẹ bá ti wọlé, ó ń fi òórùn yẹn kùn yín ni, kí gbogbo ará ilé lè máa rùn bákan náà. Lílá náà ń bá a ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ yẹn.

Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé ìfẹ́ ni, kò parọ́. Àwọn kan á tún gbé e kọjá bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní ó rò pé ìyá òun ni yín, àwọn míì á ní rárá, ó rò pé ọmọ òun ni yín. Èmi ò rò pé ọ̀rọ̀ yẹn gba àròjinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ lórí ẹ̀. Ẹ ti wọ inú agboolé ẹ̀, ó ń ṣe sí yín bí wọ́n ṣe ń ṣe sí ará agboolé, ó parí.

Ti òru tó ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wò ó. Ológbò kì í sun òru mọ́jú bíi tiwa, ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ ni ara ẹ̀ máa ń yá jù torí ìgbà yẹn ni àwọn baba ńlá ẹ̀ fi ń ṣọdẹ. Tó bá sì pa ẹran, ó ní bó ṣe ń tò ó, á jẹun, á lá ara ẹ̀ tónítóní, á sùn. Ológbò tó bá jẹun tán lóru tó wá sọ́dọ̀ yín, ìgbà tó kan lílá ló débẹ̀ yẹn, ẹ̀yin náà sì nìyẹn, ẹ ò mira, ara yín móoru, orí yín kún fún irun, ẹ ò sì tì í dànù torí ẹ ti sùn lọ. Tí wọ́n bá tún ti mú iná lọ tí fáànù dúró, òógùn ti bò yín lójú lọ́rùn, òórùn yín ti wá le dáadáa nínú yàrá. Kò sí àjẹ́ kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ àwọn tó jẹ́ pé nǹkan yìí nìkan ni wọ́n fi lé ológbò tó dáa jáde nínú ilé, tàbí tí wọ́n ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì máa ń dùn mí.

Adùn tún wà níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe irú adùn tẹ́ ẹ rò. Ológbò ò mọ adùn ṣúgà rárá. Ní 2005 àwọn onímọ̀ ní Monell Chemical Senses Center, nílùú Philadelphia ní Amẹ́ríkà, ṣàlàyé ìdí ẹ̀, wọ́n ní jíìnì kan tó yẹ kó máa bá ahọ́n mọ nǹkan dídùn ti bàjẹ́ lára ológbò, bẹ́ẹ̀ náà ló rí lára àwọn ìbátan ẹ̀ kan tó ń gbé inú igbó. Ẹran ló ń jẹ, adùn ẹran ló mọ̀. Tẹ́ ẹ bá ti jẹ ẹja yíyan, tẹ́ ẹ fi ọwọ́ yọ egungun sàdíìnì, tẹ́ ẹ fọ edé, omi lásán ò lè bo òórùn yẹn mọ́ ológbò lójú, á wá ọwọ́ yẹn kàn. Òógùn àti òróró ara náà ní òórùn tó máa ń fà á. Kíríìmù àti vasilíìnì, àwọn kan nínú wọn ní ọ̀rá tó dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹ ṣọ́ ọ dáadáa, tó bá jẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ tàbí lẹ́yìn ìgbà tẹ́ ẹ bá pa kíríìmù ló máa ń lá yín jù, ẹ ti mọ èrè tó ń wá nìyẹn.

Àmọ́ tẹ́ ẹ bá bi mí, èrè tó gba iwájú nínú ọ̀pọ̀ ilé ni pé ẹ̀yin ń dá a lóhùn. Ẹ wò ó. Ẹ ti ibiṣẹ́ dé, ó ti rẹ̀ yín, ẹ ò tíì wojú ẹ̀ látàárọ̀. Ó lá yín lọ́wọ́, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ pe orúkọ ẹ̀, ẹ fọwọ́ pa á lórí. Ọjọ́ kejì ó tún ṣe é, ẹ ní "kúrò ńbẹ̀ jàre", ẹ tì í, ìyẹn náà ìdáhùn ni o. Ọjọ́ kẹta ẹ dìde, ẹ lọ bu oúnjẹ sí abọ́ ẹ̀ kó lè jẹ́ kẹ́ ẹ rí bọ́ọ̀lù wò. Ha, ẹ ti kọ́ ọ nìyẹn! Ológbò ò mọ̀ pé inú ń bí yín, nǹkan tó mọ̀ ni pé tóun bá ti lá ọwọ́ yìí, ẹni tó ń tẹ fóònù láti bíi wákàtí kan á wò òun lójú. Èyí tó tún burú ni kẹ́ ẹ máa dá a lóhùn lónìí kẹ́ ẹ má dá a lóhùn lọ́la, tàbí kí bàbá máa lé e kí ọmọ máa fà á mọ́ra, torí ẹranko tí èrè ẹ̀ ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan máa ń forí tì í ju èyí tó ń rí i ní gbogbo ìgbà lọ, kò mọ èyí tó máa bọ́ sí i, nítorí náà kò ní dáwọ́ dúró.

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tiwọn ti pẹ́ jùyẹn lọ. Wọ́n tètè já wọn gbà lẹ́nu ọmú. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ ológbò tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò tíì ranlẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé fúnni, wọ́n á ní ó ti ń jẹun, ó ti tó, bẹ́ẹ̀ jíjẹun kọ́ ni gbogbo nǹkan tí ìyá ń kọ́ ọmọ. Ní 2017 àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Helsinki, ní Finland, gbé èsì iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí ológbò tó lé ní 5,000 jáde, wọ́n rí i pé àwọn tí wọ́n yà kúrò lára ìyá kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ máa ń kanra ju àwọn yòókù lọ, àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ tó ọ̀sẹ̀ 14 ni ìwà wọn tòrò jù. Irú àwọn tó tètè kúrò lọ́dọ̀ ìyá yìí, àwọn míì nínú wọn á máa fa aṣọ mu, wọ́n á máa lá etí èèyàn tàbí ìka ọwọ́, wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì tẹ̀ yín níkùn bí wọ́n ṣe ń tẹ ọmú ìyá wọn kí wàrà lè jáde. Irú ológbò báyìí ẹ lè dín tiẹ̀ kù, ẹ má retí pé á dáwọ́ dúró pátápátá.

Àìfararọ náà ń fà á. Ẹ kó lọ sílé tuntun, ẹ bímọ, ẹ gbé ológbò míì wọlé, àwọn tó ń kọ́lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ń fi mọtò da òkúta kalẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ológbò á wá nǹkan tó máa fi tu ara ẹ̀ lára, lílá sì máa ń tù ú. Àìsàn lè wà níbẹ̀ pẹ̀lú, pàápàá tó bá jẹ́ pé ológbò tí kì í lá èèyàn rí ló ṣàdédé bẹ̀rẹ̀, tàbí tó ń lá nǹkan gbogbo, ilẹ̀, ògiri, aṣọ, tàbí tó ń lá ara tiẹ̀ títí ibì kan fi pá. Inú tó ń rú u, eyín tó ń dùn ún, ara tó ń yún un, ẹṣẹ́ ọrùn tí wọ́n ń pè ní thyroid tó ń ṣiṣẹ́ lódì nínú ológbò tó ti dàgbà, gbogbo wọn lè fara hàn báyẹn. Ìyẹn ti kọjá ohun tẹ́ ẹ máa fi ẹ̀kọ́ tún ṣe nílé.

Kí n tó gbàgbé, àwọn kan á ní tiwọn máa ń lá àwọn, á sì ṣàdédé gé àwọn jẹ. Méjì ló wà nínú ẹ̀. Nígbà míì ó wà lára ìtọ́jú irun yẹn náà, tó bá kan ibi tí irun ti lọ́ mọ́ra lára ẹ̀, eyín ló fi ń tú u, ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún yín. Nígbà míì ẹ̀yin lẹ ti fọwọ́ pa á lára jù, ó ti sú u, ó ti ń sọ fún yín tipẹ́, ìrù ń na ilẹ̀, etí ti yí sẹ́yìn, awọ ẹ̀yìn ń gbọ̀n rìrì, ẹ ò wò ó. Ẹ jáwọ́ lára ẹ̀ kó tó dé orí eyín.

Ó yẹ ká sọ ti ewu díẹ̀, torí ibí ni mo ti rí i pé àwọn èèyàn ń fi ẹ̀mí ológbò wọn tàfàlà láìmọ̀. Nǹkan tẹ́ ẹ bá fi pa ara, inú ológbò ló ń lọ. Ẹ̀dọ̀ ológbò ò lè fọ àwọn oògùn kan kúrò lára bíi tiwa, ìdí nìyẹn tí parasitámọ́ọ̀lù fi ń pa á, tí ásípírìn náà sì máa ń pẹ́ lára ẹ̀ gan-an. Àwọn ìpara gbígbóná tá a fi ń ra orúnkún àti ẹ̀yìn tó ń dunni, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní méntọ́ọ̀lù, káńfọ̀, àti èròjà kan tó jẹ́ ìbátan ásípírìn yẹn. Kíríìmù ìrora tí dókítà ń kọ fúnni náà ńkọ́? Ní 2015, àjọ FDA tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ lórí èyí tó ní oògùn ìrora kan tó ń jẹ́ flurbiprofen, lẹ́yìn tí àwọn ológbò kan ṣàìsàn tí àwọn míì sì kú nílé àwọn tó ń lò ó, bẹ́ẹ̀ wọn ò fi ra ológbò lára o, ara tiwọn ni wọ́n fi pa. Ẹ̀yin ọ̀dọ́kùnrin tẹ́ ẹ ń fi minoxidil wá irùngbọ̀n, tiyín ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí díẹ̀ kíún nínú ẹ̀ lè pa ológbò, ẹ sì ti gbọ́ pé irùngbọ̀n wà lára ibi tó fẹ́ràn láti máa lá. Kíríìmù tó ní permethrin tí wọ́n ń fún ẹni tí ara ń yún, májèlé ni fún un. Àwọn tó ní sítẹ́rọ́ọ̀dù àti họ́móònù náà, kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án.

Ti ẹ̀yin fúnra yín, ẹni tí ara ẹ̀ le tí awọ ẹ̀ ò bó, tí ológbò tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára lá lọ́wọ́, kó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ ẹ̀ kó máa lọ, kò sí nǹkan. Ojú egbò ni kò dáa. Ọ̀pọ̀ ológbò tí ara wọn yá gágá ló ní kòkòrò àrùn kan tó ń jẹ́ Pasteurella lẹ́nu, egbò lè tipasẹ̀ ẹ̀ kẹ̀. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ẹni tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ, arúgbó àti ọmọ ọwọ́, ẹ má jẹ́ kó lá wọn lójú tàbí lẹ́nu. Ti dìgbòlugi ló wá le jù. Gbogbo wa máa ń pe àrùn yẹn mọ́ ajá, àmọ́ ológbò náà ń kó o, inú itọ́ ló sì ń gbé. Lọ́dọ̀ WHO, àjọ ìlera àgbáyé, tí ẹranko bá lá awọ tí kò bó, wọn ò kà á sí ewu, ṣùgbọ́n tí itọ́ ẹranko tí wọ́n ń fura sí bá kan ojú egbò, tàbí ojú, imú, ẹnu èèyàn, inú ìpele kẹta tó léwu jù ló bọ́ sí, bí ìgbà tó géèyàn jẹ náà ni. Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fún bí ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ sì gba ọsibítù lọ lọ́jọ́ yẹn gan-an, ẹ má dúró wo ìyà. Ológbò tó ń jáde lọ bá ológbò àdúgbò jà lóru, ẹ fún un ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, kò wọ́n tó nǹkan tẹ́ ẹ máa ná tẹ́ ò bá fún un. Ẹni tó ní àlẹ́jì náà kó gbọ́, irun kọ́ ló ń bá a jà, pròtéènì kan tó ń jẹ́ Fel d 1 ni, inú itọ́ àti awọ ológbò ló wà, tó bá ń lá yín ó ń fi kùn yín tààrà.

Ó dáa, báwo lẹ ṣe máa ṣe é? Ẹ kọ́kọ́ gba ohun tó ń lá kúrò. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn oúnjẹ àti lẹ́yìn ẹja, ẹ wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn lórí ibi tẹ́ ẹ bá fi kíríìmù pa, ẹ jẹ́ kí kíríìmù wọ ara tán kó tó gun yín lẹ́sẹ̀, àwọn tó jẹ́ májèlé wọ̀nyẹn, ẹ tì í mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá tẹ́ ẹ bá ti lò wọ́n.

Lẹ́yìn náà ẹ gba èrè ìdáhùn yẹn lọ́wọ́ ẹ̀. Tó bá ti gbé ahọ́n lé yín lára, ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ má wò ó, ẹ má tì í, ẹ kàn rọra dìde kẹ́ ẹ kúrò níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan sí méjì. Ìyẹn tó. Tẹ́ ẹ bá padà tó sì jókòó tì yín láì lá yín, ìgbà yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ fọwọ́ pa á lórí, kẹ́ ẹ bá a sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ fún un ní ẹja díẹ̀. Gbogbo ará ilé ló gbọ́dọ̀ ṣe é bákan náà, àtọmọdé àti ìyá àgbà tó wá kí yín. Mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ṣáájú pé ní ìbẹ̀rẹ̀ ó máa le sí i, á máa lá yín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, á máa ké, torí nǹkan tó ń ṣiṣẹ́ fún un tẹ́lẹ̀ ò ṣiṣẹ́ mọ́, ó rò pé tóun bá fi kún un á ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń juwọ́ sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá juwọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ ti kọ́ ọ pé tóun bá tẹra mọ́ ọn dáadáa ẹ máa gbà fún òun.

Àmọ́ ẹ ò lè gba nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ má fi nǹkan rọ́pò. Ẹ máa bá a ṣeré lójúmọ́, okùn tẹ́ ẹ so ìyẹ́ adìẹ mọ́ lẹ́nu ti tó, ẹ fà á nílẹ̀ kó máa lé e, ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Ẹ fi ti alẹ́ sí kí gbogbo ilé tó sùn, kẹ́ ẹ fún un lóúnjẹ lẹ́yìn ẹ̀, kẹ́ ẹ wá jẹ́ kó lá ara tiẹ̀ tán ní tiẹ̀ kó tó bá yín gun bẹ́ẹ̀dì, ẹ rántí bó ṣe ń tò ó. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ya irun ẹ̀, ọ̀pọ̀ ológbò tí wọ́n ń ya irun ẹ̀ dáadáa máa ń gbà pé ìtọ́jú ti ọjọ́ náà ti parí. Tó bá jẹ́ pé lílá yẹn gan-an ló ń tù ú lára, bíi tàwọn tí wọ́n tètè já lẹ́nu ọmú, ẹ fi ẹja lílọ̀ tí kò níyọ̀ tí kò sì ní àlùbọ́sà pa abọ́ pẹlẹbẹ kan, kó máa lá ìyẹn ní igun tiẹ̀.

Mo ní kò sí àlùbọ́sà torí ó máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́, aáyù náà bẹ́ẹ̀, èyí tó sì mú mi dé orí ìmọ̀ràn tí àwọn ará ilé máa ń gbà yín. "Fi ata kun ọwọ́, kò ní wá mọ́." "Fi àlùbọ́sà ra á." "Omi ọsàn wẹ́wẹ́ ni kó o fi pa á." Ẹ má dán an wò. Ata á jó o lẹ́nu àti ojú, ẹ̀yin náà á sì fọwọ́ nu ojú yín kó tó dalẹ́, òróró èèpo ọsàn ò dáa fún un. Nínà náà ò wúlò, omi tí wọ́n ń fín sí i lójú ò wúlò, ológbò kì í so ìyà mọ́ ohun tó ṣe, ẹni tó fìyà jẹ ẹ́ ló ń so ó mọ́, á máa sá fún yín, ẹ̀rù yẹn náà á sì tún jẹ́ kó máa lá nǹkan kiri.

Tó bá ti tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin tẹ́ ẹ ti ń ṣe é láì yẹsẹ̀ tí ò sì yí padà, tàbí tẹ́ ẹ rí èyíkéyìí nínú àmì àìsàn tí mo kà lókè, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Ọsibítù ẹranko wà ní yunifásítì Ìbàdàn, ọ̀kan wà ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà l'Ábẹ́òkúta, àwọn aládàáni náà sì pọ̀ l'Ékòó báyìí. Ẹ fi fóònù ká fídíò ẹ̀ nígbà tó bá ń lá yín lọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó lọ, torí tó bá ti dé iwájú dókítà, abẹ́ àga ló máa wọ̀, kò ní lá ẹnikẹ́ni. Tó bá sì jẹ́ pé ó ti lá oògùn kan lára yín, ẹ má dúró de fídíò kankan, páálí oògùn yẹn ni kẹ́ ẹ mú dání.